Bàbá A-Kì-Í-Yọ-Gílóòbù

Ọjọ́ tí Bàbá A-Kì-Í-Yọ-Gílóòbù gbẹ́sẹ̀ lé báàgì ọ̀gá olùkọ́ ni gbogbo àdúgbò ṣì ń sọ títí dòní.

Oníwáyà mọ́tò ni, ọkọ ìyá aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀. Ọ̀gá olùkọ́ gbé mọ́tò wá, ó ní iná bíréèkì pọ́n koko lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, àyà òun ò balẹ̀. Bàbá yẹ òróró bíréèkì wò, ó kún. Ó tú ẹnu wáyà, ó nù ún, ó dè é padà. Iná ò tàn mọ́. Ọ̀gá olùkọ́ wakọ̀ lọ. Kó tó dé ilé-ìwé, iná ti tàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà wá.

Mẹkáníìkì òdìkejì títì bá wọn dá sí i. “Bàbá, ẹ kàn yọ gílóòbù ẹ̀. Iná tí ò tàn, ta ló máa bẹ̀rù ẹ̀?”

“Ìwọ ọmọ yìí, bí ajá bá ń gbó mọ́ olè, ṣé ajá lo máa pa?” Bàbá wá nàka sí pátákó tó kọ sókè ṣọ́ọ̀bù: A KÌ Í YỌ GÍLÓÒBÙ NÍBÍ. “Bí n ò bá rídìí iná yìí kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọwọ́ ara mi ni màá fi yọ pátákó yẹn.”

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Abẹ́ pátákó yẹn ni ọmọ mẹ́rin ti ń jẹun.

Láti ọjọ́ kejì, Bàbá ń bá ọ̀gá olùkọ́ jókòó níwájú mọ́tò lọ sílé-ìwé. Bí iná bá ti tàn, á kí iná náà: “Ẹ kú iṣẹ́.” Ọjọ́ méjì gbáko, ojú iná nìkan ló ń wò. Lọ́jọ́ kẹta, sípánà rẹ̀ já bọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, ó sì rí i: ọ̀gá olùkọ́ ti ki báàgì bọ abẹ́ bíréèkì ọwọ́, kó má baà ṣubú ní kọ́nà. Báàgì sì gbé bíréèkì ọwọ́ sókè díẹ̀.

Bàbá fa báàgì yọ. Iná kú. Ó ki báàgì bọ ibẹ̀ padà. Iná tàn.

“Bí mo bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni mo máa ń mú un dání,” ni ọ̀gá olùkọ́ wí wúyẹ́wúyẹ́.

“Iná ò purọ́ mọ́ yín,” ni Bàbá wí. Ó gba báàgì, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ kan, kóun fi mọ̀ bóyá àìsàn náà á padà. Ìwé ìdánwò ló wà nínú ẹ̀. Títí dòní, àwọn ọmọ ilé-ìwé yẹn ń ṣàdúrà fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ní ọsibítù. Dókítà fún un lóògùn ara ríro, Bàbá dá a padà. “Dókítà, gílóòbù lẹ fẹ́ yọ yẹn. Ẹ lọ wá wáyà.”

Nílé ńkọ́? Bí ìyàwó rẹ̀ bá fajú ro, kì í ní kó rẹ́rìn-ín. Á jókòó tì í, á máa tọ ọ̀rọ̀ láti àárọ̀: “Ṣé ọ̀rọ̀ omi ni? Ṣé ti ẹ̀gbọ́n mi ni?” Ó máa ń tọ̀ ọ́ dé ìdí ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mélòó kan, òun alára ló máa ń bá níbẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn tí Bàbá kú, ìyá aránṣọ ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ mọ́ nígbà tí mẹkáníìkì òdìkejì títì wọlé, fìlà lọ́wọ́.

“Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, pátákó Bàbá ni mo wá tọrọ.”

“Ìwọ tó o ti yọ gílóòbù gbogbo ìlú tán?”

Ó họ orí. “Mo ti ń dá wọn padà. Lọ́kọ̀ọ̀kan.”

“Bí wọ́n bá wá tàn ńkọ́?”

“Mo máa ń kí wọn.”

Ìyá aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi ń dà lójú ẹ̀, títí tí kò fi jẹ́ ẹ̀rín mọ́.

“Ẹ má sunkún mọ́, Ìyá wa.”

“Ìwọ ọmọ yìí,” ló wí, ó sì na àkàbà sí i, “o tún fẹ́ yọ gílóòbù.”