Ọ̀gá Tó Ń Ra Búrẹ́dì Tó Bu

Ẹgbẹ̀rin náírà ni ìgò oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọlẹ̀ ní Ọjà Ọba. Bí mo bá ti rí i, olùkọ́ yunifásítì tó máa ń ra búrẹ́dì tó ti bu lọ́wọ́ mi ni mo máa ń rántí.

Á gbé e símú bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ìyàwó yín kì í dáná ni?"

"Ìyá oníbúrẹ́dì, ẹ máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀." Ó ní èbu ara búrẹ́dì náà lè sọ fàdákà di ẹ̀rún tí ojú ò rí, tí á pa kòkòrò tí oògùn ọsibítù ò ràn mọ́. Irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ló wà nínú egbò ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ kan, iná lọ ní yunifásítì, fíríìjì tí wọ́n ń tọ́jú èbu sí gbóná, èbu tó ṣiṣẹ́ jù sì kú. Ó sáré wá: "Orí pátákó tí ẹ ń pàtẹ búrẹ́dì sí ni èbu yẹn ti wá. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ìyá mi. Mò ń bọ̀ lọ́la."

Àfi bí wọ́n ṣe ní wọlé-wọlé ìjọba ń bọ̀ láàárọ̀. Ta ló fẹ́ sanwó ìtanràn nítorí èbu? Mo fi oògùn apakòkòrò fọ pátákó títí ó fi ń dán.

Ọ̀gá dé, ó gbóòórùn pátákó, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká pa kòkòrò."

Kò pẹ́ sí i tí wọ́n fi sin ìyá rẹ̀ sí Ìgèdè, ìlú wọn. Wọlé-wọlé ní tirẹ̀ yìn mí, ó kọjá. Gbogbo èrè mi níbẹ̀ ni owó ìtanràn tí n ò san: ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà.