Ọjọ́ Tí Ìyá Onílé Ká Àwọn Ṣójà Mi Mọ́lé

Ọjọ́ tí ìyá onílé mi ní Àgọ́-Ìwòyè já wọ yàrá mi ni mi ò lè gbàgbé. Mo to àwọn ṣójà oníke kéékèèké àti mọ́tò ogun wọn, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà, sórí tábìlì. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n bí èmi, mò ń fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọwọ́ òsì jagun, torí kò sẹ́nì kejì.

Aládùúrà ni màmá. Wọ́n rò pé ère tí mo ń bọ ni, wọ́n bá gbé ike omi àdúrà sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀dà wọn ò tíì gbẹ. Ìṣeré ni.”

“Ta lò ń bá ṣeré?”

“Èmi náà ni, mà.”

Wọ́n gbé omi sílẹ̀, wọ́n fa àga.

“Èwo ni tèmi?”

Mọ́tò ogun ni wọ́n fi tẹ àwọn ọmọ ogun mi pa. Látọjọ́ tí mo ti ń jagun, ìgbà yẹn nìkan ni ẹlòmíì ṣẹ́gun mi.