Èmi Kejì Tó Ń Ṣe Dókítà

Mo rántí ìgbà tí òórùn èéfín máa ń bá mi wọ kíláàsì ní yunifásítì Òkìtìpupa. Láti Erinje ni mo ti ń gun ọ̀kadà lọ, púpurú yíyan, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí a rẹ tí a sì fi èéfín yan, ni ìyá mi sì fi ń rán mi nílé ìwé. Iṣẹ́ dókítà ni mo fẹ́ kọ́. Físíìsì ni wọ́n fún mi. Mo bínú sí ìwé, mo bínú sí olùkọ́, mo tún bínú sí obìnrin tí èéfín ń ta lójú nítorí mi. Ìwà ọmọdé ló ń ṣe mí, ẹ jọ̀ọ́.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa kan tó fẹ́ràn àwàdà sọ fún wa pé àwọn ohun tó kéré jù lọ láyé yìí máa ń ṣe bí ẹni tó gba ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbà pé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ níbí ti ṣẹlẹ̀ ní ayé mìíràn tó yà kúrò lára tiwa. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò tíì débẹ̀ o, wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí." Èmi ò gbọ́ ìyẹn. Ohun tí mo gbọ́ ni pé èmi kan ń ṣe dókítà níbì kan.

Bí mo ṣe délé, mo sọ fún ìyá mi pé mi ò kàwé mọ́, pé èmi kejì wà ní ayé mìíràn, ó ń jẹ ìgbádùn, ibẹ̀ ló sì wù mí kí n wà. Ha! Ọ̀bẹ tó fi ń họ púpurú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó ti sin ọmọ méjì kó tó bí mi, kí ló tún fẹ́ gbọ́? Ó ti dá a lójú pé ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń pe ọmọ rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti bọ́ bàtà ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, wòlíì sì ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá mi ní òun náà á gbà á. Mo ṣàlàyé físíìsì fún wòlíì títí ẹnu fi ro mí. Ó mi orí, ó ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," ó sì sọ ààwẹ̀ náà di ọjọ́ méje.

Ní ọjọ́ kẹta, ètè ìyá mi ti gbẹ. Ó bi mí jẹ́jẹ́ lórí ẹní tí a jókòó sí, "Ní ayé tó o wí yẹn, ṣé àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ lè wà láàyè?"

Mo ní, "Bóyá, Iye. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni."

Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. "Kí ìyá tó wà lọ́hùn-ún bá mi tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì péré ni bàbá ẹ lóun fẹ́. Bí wọ́n bá yè, a ò ní bí ọ. Ìyá yẹn ò mọ̀ ẹ́ rí. Mi ò lè bá a pààrọ̀ láéláé."

Ojú tì mí gan-an. Mo parí ààwẹ̀ náà, mo sì padà sí kíláàsì.

Lónìí, físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Bí wọ́n bá bi mí bóyá ayé mìíràn wà, mo máa ń sọ pé a ò tíì mọ̀. Ìyá mi ti darúgbó. Lọ́dọọdún, nígbà ìkórè, á kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ọmọ mẹ́ta. Èmi nìkan ló máa ń kúnlẹ̀ tì í, èmi náà ni mo sì máa ń ṣe àmín tó ròkè jù.