Okùn Ewúrẹ́ Lókè Àga Mọ́mì Ọ̀kà

Iṣẹ́ mi ni kí n gbé ohun tó wúwo sókè orí ọmọ ènìyàn, kí n sì máa gbàdúrà. Èmi ni oníná fún àwọn tó ń ya fíìmù ní Ìkàrẹ́ àti agbègbè rẹ̀. Bí ẹ bá rí òṣèré tó ń sunkún nínú pálọ̀, tí omijé rẹ̀ ń dán, èmi ni mo mú kó dán. Òṣèré ni wọ́n á yìn. N kì í bínú, ṣùgbọ́n mo máa ń rántí.

Iná tí à ń lò kì í ṣe gílóòbù inú ilé. Irin ni ara rẹ̀, gíláàsì ni ojú rẹ̀, ó sì wúwo tó kẹ́ẹ̀gì epo pupa. Kílámpù la fi ń mú un mọ́ igi àjà, a ó yí ìdè rẹ̀ títí yóò fi le. Bí ìdè náà bá tú, ẹni tó jókòó nísàlẹ̀ ni yóò fi orí gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣe wáyà ààbò. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wáyà yìí ní láyé: kó máa sùn lókè níbẹ̀, kó sì jí lọ́jọ́ tí kílámpù bá já wa kulẹ̀.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, wáyà bíréèkì ọ̀kadà ni mo fi ṣe é. Mo lọ bá mẹkáníìkì kan ní Ìkàrẹ́ pé kó kó àwọn èyí tó ti yọ dànù fún mi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Àǹtí, wáyà tó ti kọ̀ láti dá ọ̀kadà dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀kà, òun lẹ fẹ́ fi gbé iná kọ́?"

Mo ní kó má dá sí ọ̀rọ̀ mi. Mo délé, mo so ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì mọ́ wáyà náà lórí igi máńgòrò ìyá mi, mo sì jù ú sílẹ̀ láti dán an wò. Ó já pàù. Sìmẹ́ǹtì fọ́n sára gbogbo aṣọ tí ìyá mi sá sórí okùn. Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ó fi tún wọn fọ̀. Irọ́ ni mo pa, èmi ni mo fọ̀ wọ́n.

Láti ìgbà náà, wáyà tuntun ni mo ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irinṣẹ́, irú èyí tí wọ́n lọ́ irin wẹ́wẹ́ pọ̀ di ọ̀kan. Mo ń gé e kúkurú. Bí ó bá gùn jù, iná á ti sáré kó tó dé òpin rẹ̀, eré yẹn ni yóò sì já a. Mo máa ń ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì padà kí wọ́n di ojú, màá fi rìǹgì irin kékeré mú ọrùn ojú náà, màá sì fi òòlù lu rìǹgì ọ̀hún pa. Lẹ́yìn náà ni màá fi ìkọ́ tó ń ti ẹnu ara rẹ̀ sí i. Wáyà á gba ọrùn iná kọjá, á yí igi àjà po, ìkọ́ á sì mú un padà. Igi àjà gan-an ni o, kì í ṣe kílámpù. Bí mo bá so ó mọ́ kílámpù, àwọn méjèèjì ni yóò jọ wá kí yín nísàlẹ̀.

Fíìmù tí mo fẹ́ sọ yìí, ìlú Ọ̀kà la ti yà á, nílé ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Mọ́mì Ọ̀kà la máa ń pè é, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ilé rẹ̀ jẹ́ ilé alámọ̀ àtijọ́, igi àjà rẹ̀ dúdú, ó ń dán, kò sì ga. Ọ̀gá tó ń darí fíìmù náà rí àjà yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. Mọ́mì Ọ̀kà ní kò sí wàhálà, òun á yọ̀ǹda ilé, bí wọ́n bá fi òun sínú fíìmù. Wọ́n fún un ní ipa ìyá ọkọ tó ń jẹ iyán ìyàwó ilé tó sì ń bú ìyàwó náà lórí abọ́. Kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ ọ.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni àga rẹ̀. Mọ́mì ní òun kò ní jókòó síbòmíràn àfi sórí àga òun, àga náà kò sì ní kúrò níbi tó wà. Abẹ́ igi àjà tí iná máa wà gẹ́lẹ́ ló wà. Ìyá mi gbọ́ ní Ìkàrẹ́, ó pè mí lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo nìyẹn o. Bí nǹkankan bá já lé e lórí, má wulẹ̀ padà sí Ìkàrẹ́. Ọ̀nà Ìṣùà ni kí o máa gbà lọ."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi gun àkàsọ̀. Mo de kílámpù, mo tún un dè, mo wá fi wáyà mi sí i. Mo sọ̀ kalẹ̀, inú mi dùn. Ọ̀gá wo inú kámẹ́rà, ó sì fa ojú ro.

"Oníná, kí ló ń dán lókè yẹn?"

"Wáyà ààbò ni, sà."

"Yọ ọ́. Ó dà bí okùn ewúrẹ́. Àbí iná náà fẹ́ sá lọ ni?"

Gbogbo wọn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mọ́mì Ọ̀kà pàápàá rẹ́rìn-ín, ẹni tí mo ń tìtorí orí rẹ̀ ṣe wàhálà! Mo bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n rẹ kámẹ́rà sílẹ̀ díẹ̀. Ó ní àjà yẹn lòun wá fún. Inú bí mi gan-an. Mo padà gun àkàsọ̀, mo di ìkọ́ wáyà mú, mo wolẹ̀, mo rí àga Mọ́mì àti tìmùtìmù pupa tó wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ mi kọ̀ láti ṣí i.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní mo fẹ́ lọ mú nǹkan. Ilé ìdáná ni mo gbà lọ. Mo dojú ìkòkò tí Mọ́mì fi ń dáná igi dé, mo ha èédú ìdí rẹ̀ sínú àwo, mo fi òróró díẹ̀ pò ó. Mo padà gòkè, mo sì fi kun wáyà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí òun àti igi àjà fi di ọmọ ìyá.

"Ọ̀gá, ṣé ó ti lọ?"

Ó wo kámẹ́rà. "Ẹ̀hẹ́n! Ṣé o wá rí i báyìí? Ìgbọ́ràn dára."

"Ẹ ṣeun, sà," ni mo dáhùn. Mọ́mì Ọ̀kà wo ìka mi tó dúdú, ó wo òkè, ó tún wò mí.

"Iṣẹ́ iná yìí mà dọ̀tí o," ló wí, ó sì ń tún gèlè rẹ̀ ṣe lọ.

Ọ̀gá kò fẹ́ iyán tútù. Ó fẹ́ èyí tí èéfín ń yọ lórí rẹ̀, ó sì fẹ́ kí a máa gbọ́ ìró odó. Àwọn obìnrin àdúgbò bá dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn ògiri pálọ̀, wọ́n kó odó jọ. Bí Mọ́mì bá jẹ díẹ̀ tí ọ̀gá sì ní kí wọ́n tún un yà, wọ́n á tún gún òmíràn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti rí Mọ́mì tó yọ fọ́tò olóògbé ọkọ rẹ̀ kúrò lára ògiri, tó gbé e lọ sórí ibùsùn. Mo rò pé kò fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ wọ fíìmù ni. Èmi tí wọ́n fi iyán tọ́ dàgbà! Ta ni kò mọ̀ ní Ọ̀kà pé bí odó bá ń dún nínú ilé alámọ̀, ohun tí wọ́n bá gbé kọ́ kò ní sinmi? Bí wọ́n ṣe ń gún un ni ògiri ń gbọ̀n, tí igi àjà ń gbọ̀n, tí ìdè kílámpù mi sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀. A kò rí i. Iyán là ń wò.

Nígbà tó yá, ọ̀gá ní Mọ́mì kò tíì fi ojú burúkú wo ìyàwó tó. Ó ní kí Mọ́mì dìde kí òun fi hàn án. Ó jókòó sórí àga, ó bu òkèlè ńlá, ó sì yí ojú sí ìyàwó ilé. Odó ń lọ, gbì, gbì, gbì. Mo gbọ́ ìró irin kan lókè.

Iná bọ́. Wáyà jí. Iná dúró lójijì lókè fìlà ọ̀gá, ó kù díẹ̀ kó kàn án, ó wá ń fì síwá sẹ́yìn. Òkèlè ọ̀gá kò dé ẹnu, kò sì padà sínú abọ́. Àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọn kò mọ nǹkankan ṣì ń gúnyán wọn lọ.

"Kí ló dì í mú?" Ohùn ọ̀gá ti di ti ọmọdé.

Mo ń wá irọ́ tí màá pa. Mọ́mì Ọ̀kà ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà.

"Okùn ewúrẹ́ ni."

N kò lè rẹ́rìn-ín. Orí àga yẹn ni Mọ́mì ti ń jókòó láti àárọ̀, ibẹ̀ náà ni ì bá padà sí. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì bú sẹ́kún lójú gbogbo wọn.

Ọ̀gá rọra yọ́ kúrò lábẹ́ iná. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan wáyà náà. Èédú yí i lọ́wọ́. Ó wo ìka rẹ̀, ó wo ìka tèmi. Mo ti ń ro ibi tí màá ti wáṣẹ́ míì.

"Oníná, ṣé o ní òmíràn?"

"Mo ní, sà."

"Wá so ó mọ́ ọn."

Òun fúnra rẹ̀ ló di àkàsọ̀ mú. Wọ́n ti kó odó lọ sí ilé kejì. Nígbà tí mo tún kílámpù dè, tí mo sì so wáyà kejì tán, mo mú àwo èédú mi láti kùn ún.

"Gbé dúdú yẹn kúrò," ni ọ̀gá wí. "Jẹ́ kí n máa rí i."

Mọ́mì Ọ̀kà wọlé, ó jókòó sórí àga rẹ̀ bí ẹni pé nǹkankan kò ṣẹlẹ̀, ó fọwọ́ kan iyán. "Ẹ ti jẹ́ kó tutù," ló wí, ojú tó sì fi wo ìyàwó ilé yẹn ni wọ́n lò.

Fíìmù náà ti jáde. A máa ń wò ó nílé ìyá mi ní Ìkàrẹ́. Bó bá ti dé ibi iyán, gbogbo wa á máa rẹ́rìn-ín èébú Mọ́mì, àwọn ọmọ á sì máa sín in jẹ. Wáyà mi ń dán lókè orí rẹ̀, funfun báláú. Ìyá mi kì í rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Kì í wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kì í wo iyán. Wáyà yẹn ló máa ń tẹjú mọ́, títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò fi dìde lórí àga.