Ọjọ́ Tí Ìka Mi Pa Ọ̀rọ̀ Àgbẹ̀ Kan Rẹ́

Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó la ṣì wà nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ atẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan ní Ìjerò. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi lo ètò ìkọ̀wé kan lórí rẹ̀, débi pé n kì í wo bọ́tìnnì mọ́. Bí mo bá parí iṣẹ́, màá tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, ẹ̀rọ á bi mí bóyá kí òun fi iṣẹ́ pamọ́, màá tẹ Y, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Nígbà tó yá, ọ̀gá mi gbé ètò tuntun wá láti Àkúrẹ́. Bọ́tìnnì méjì yẹn náà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń bèèrè ni bóyá kí òun da iṣẹ́ nù. Ọ̀gá mi kìlọ̀ fún mi. Mo ní mo ti gbọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni àgbẹ̀ kan wá láti Ìpòtì. Wọ́n ti ṣá àbúrò rẹ̀ pa lórí oko kòkó tí ìdílé méjì ń jà sí, ó sì gbọ́dọ̀ mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí kóòtù lọ́jọ́ kejì. Láti àárọ̀ ló ti jókòó tì mí, tó ń sọ ọ́, tí mo ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a parí, mo mí kanlẹ̀, ìka mi sì lọ síbi tó mọ̀. Ẹ̀rọ bèèrè. N kò ka ìbéèrè náà. Mo tẹ Y.

Ojú ẹ̀rọ ṣófo.

"Ùwé mi dà?" ni ọkùnrin náà bi mí.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Ó ti parẹ́."

"Kí ni àwọn apànìyàn yẹn fún ọ?"

Kí n tó dáhùn, ó ti gbá mi létí. Mo ṣubú lu ògiri. Ó fa ọ̀pá irin tí a fi ń há ilẹ̀kùn yọ, ó fi fọ́ kọ̀ǹpútà. Jígí fọ́n sí mi lórí. Ọ̀gá mi sáré wọlé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọlọ́mọ ni!"

Irin tó ń bọ̀ lórí mi ló bà á lápá. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dá. Mo fò mọ́ ọkùnrin náà, mo gé e lọ́wọ́ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi kún ẹnu mi. Àwọn bíríkìlà tó ń ṣiṣẹ́ ní òdìkejì títì ló wá dá a mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń lù ú.

"Ẹ má pa á," ni ọ̀gá mi wí, ó di apá rẹ̀ mú. "Wọ́n ti pa ọ̀kan nílé wọn." Kí wọ́n tó gbé òun alára wọ takisí lọ sí ọsibítù, ó yíjú sí mi: "Gbé táípùráítà wa àtijọ́ jáde. Tẹ̀ ẹ́ fún un."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo ṣe é. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ wú, bíríkìlà kan dúró tì í pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Etí òsì mi ń hó. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ṣá àbúrò rẹ̀, n kò ní kó tún un sọ. Mo ti mọ̀ ọ́n, mo sì tẹ̀ ẹ́ fúnra mi.

Apá ọ̀gá mi jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Nígbà tí a rí kọ̀ǹpútà mìíràn, mo máa ń ka ìbéèrè rẹ̀ sókè kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, àwọn oníbàárà a sì máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìkórè kòkó, ọkùnrin náà wá dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá mi. Wọ́n ti rán àwọn tó pa àbúrò rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ọ̀gá mi dárí jì í. Ọkùnrin náà bèèrè mi. Inú yàrá ẹ̀yìn ni mo wà, mo ń gbọ́ ọ, n kò jáde.