Kóòtù Olórúkọ Méjì

Bàbá mi kórìíra òkìríkà, ìkórìíra náà kì í sì í ṣe kékeré. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Oǹdó, ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní súwẹ́tà pupa tí ìyá rẹ̀ rà lọ́jà, mo sì wọ̀ ọ́ délé. Bàbá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní kí n bọ́ ọ, kí n ká a dáadáa, kí n sì dá a padà kí n tó jẹun. "Aṣọ òkú ni," ó wí. "Ọmọ ẹni ní í wọ aṣọ ẹni. Ìwọ kì í ṣe ọmọ òyìnbó tó kú fi súwẹ́tà yìí sílẹ̀." Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan kú. Mo ń sunkún lọ lójú ọ̀nà, mo ń yẹ súwẹ́tà náà wò bóyá màá rí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìdí nílé tiwa. Bí ẹnì kan bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń pín aṣọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ èyí tó kàn án yóò kọ́kọ́ gbé e kọ́ síbì kan, yóò bọ́ bàtà, yóò sì bá olóògbé náà sọ̀rọ̀. Yóò kí i, yóò dúpẹ́, yóò bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde lára aṣọ. Mo rí bàbá mi tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún dàńṣíkí bàbá tirẹ̀, òun tó jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo bi í pé ṣé kò sí ìbọ̀rìṣà nínú rẹ̀, ó wò mí bí ẹni tó béèrè pé ṣé omi ń tutù. Ó ní ìkíni ni, kò sì sí ibi tí Ọlọ́run ti ní kí a má kí èèyàn.

Mo dàgbà, mo gbàṣẹ́ ìtẹ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, mo sì di aya òkìríkà. Mi ò ní purọ́. Ọdún wọ̀nyẹn le. Owó oṣù di ìròyìn tí à ń gbọ́ lórí rédíò, bó bá sì dé, ààbọ̀ ló ń dé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣẹ́ nìkan ló gbé mi débẹ̀, ojúkòkòrò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń tú bẹ́èlì òkìríkà tuntun lọ́jà, a ó sì ti tò yí i ká kí wọ́n tó já okùn rẹ̀. Àwọn yòókù a máa wo àwọ̀, èmi a máa wo ọrùn. Lẹ́yìn ọrùn ni dìsáínà máa ń fi orúkọ rẹ̀ sí. Mo mọ lébẹ̀lì tí wọ́n hun àti èyí tí wọ́n kàn tẹ̀. Mo mọ̀ pé aṣọ gidi máa ń ní bọ́tìnnì kan lálékún nínú, tí wọ́n rán pamọ́ síbì kan. Àwọn ará ọ́fíìsì rò pé mo ní ẹ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù. Mi ò sọ pé mo ní, mi ò sì sọ pé mi ò ní. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń lọ kí Bàbá ní Oǹdó, ànkárá ni mo máa ń wọ̀.

Ọdún tí mo ń sọ yìí ni Bàbá pé àádọ́rin. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹni tó bá pé àádọ́rin yóò rìn láti ẹnu ọ̀nà lọ sí iwájú pẹpẹ, ìdílé rẹ̀ yóò máa kọrin tẹ̀lé e, wọn yóò sì gbàdúrà fún un. Tísà ni Bàbá, ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ti kọ́ ìdajì àwọn tó ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Gbogbo èèyàn ń retí ọjọ́ náà. Àfi òun nìkan ló ní òun ò ní lọ.

Ó kọ́kọ́ ní ẹsẹ̀ ń ro òun. Nígbà tí mo yọ ọ́ lẹ́nu títí, ó gbé kóòtù rẹ̀ kan ṣoṣo jáde, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ìgùnpá rẹ̀ sì yọ síta láti inú ihò. Ó ní, "Ṣé èyí ni kí n fi han Ọlọ́run?" Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tíì jáde. Agbádá rẹ̀ tó dára ti wà nínú ilẹ̀, òun ni ó fi wé ìyá mi nígbà tí a sin ín. Mo wo ìgùnpá yẹn, inú mi bà jẹ́, lẹ́yìn náà inú bí mi. Mi ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí gan-an, ìjọba ni tàbí bàbá mi. Mo ṣáà sọ fún un pé màá ra kóòtù tuntun fún un ní Àkúrẹ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ẹ̀rù bà mí, nítorí mo mọ ibi kan ṣoṣo tí agbára mi ká.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá kóòtù. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ti obìnrin ni mo rí. Ọjọ́bọ̀ kejì, kóòtù ọmọ ọdún méjìlá ni. Ní ti ẹ̀kẹta, bí wọ́n ṣe já okùn bẹ́èlì ni mo rí apá aṣọ kan tó dúdú dé ibi tó fi ń fà sí búlúù. Mo di apá ọ̀tún mú. Ọkùnrin kan di apá òsì mú. Mo yí ọrùn rẹ̀ wò, ọkàn mi fò sókè: dìsáínà ará Ítálì ni, lébẹ̀lì híhun, bọ́tìnnì àlékún wà nínú.

Olókìríkà náà, ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́, ń rẹ́rìn-ín. "Ulé òyìnbó ló ti wá tààrà o! Ẹ má fà á ya!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀," mo wí fún ọkùnrin náà. "Bàbá mi ló ni ín."

Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé bàbá mi ni mò ń rà á fún. Ọkùnrin náà wò mí, ó wo kóòtù náà, ojú rẹ̀ yí padà. "Bàbá yín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi apá òsì sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, àǹtí," ó sì lọ sí ìdí bẹ́èlì mìíràn. Mo dúró síbẹ̀, mo di kóòtù mọ́yà, bàbá mi sì wà láàyè ní Oǹdó tó ń ka ìwé ìròyìn àná. Ó yẹ kí n pe ọkùnrin náà padà. Mi ò pè é. Mo san owó, mo sì yára kúrò níbẹ̀.

Mo fọ kóòtù náà lẹ́ẹ̀mejì kí òórùn kámfọ̀ tó lọ. Ìgbà náà ni mo rí i pé kò ní lébẹ̀lì lọ́wọ́.

Ẹni tó bá gbé Àkúrẹ́ ní àsìkò yẹn yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Kóòtù tuntun a máa ní lébẹ̀lì gàdàgbà kan tí wọ́n rán mọ́ etí ọwọ́ rẹ̀ níta. Kò sí ẹni tó ń tú u. Àwọn ọkùnrin wa a máa gbé ọwọ́ sókè níbi ìgbéyàwó bíi pé wọ́n ń wo aago, kí gbogbo ayé lè kà á. Kóòtù tí kò bá ní in, òkìríkà ni, ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan ní àdúgbò Arakale tó ní agolo mílíìkì kan tó kún fún lébẹ̀lì, èyí tó tú lára oríṣiríṣi àkísà. "Àǹtí, èwo lẹ fẹ́?" Mo ro ó títí. Kò sí èyí tó bá ti ọrùn mu. Mo bá mú èyí tó tóbi jù, tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ wúrà. Télọ̀ rán an, ó lọ aṣọ náà, a fi ọ̀rá bò ó. Nígbà tí mo rí i tó kọ́ síbẹ̀, èmi alára fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé tuntun ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo gbé e dé Oǹdó. Ohun tí mo gbàgbé ni pé bàbá mi jẹ́ ẹni tí í ka gbogbo nǹkan. Ó ń ka ara agolo sàdíìnì. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ka etí ọwọ́ kóòtù náà, ó ṣí i, ó ka ọrùn rẹ̀, ó sì tún padà sí etí ọwọ́.

"Ìyá mi," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "aṣọ yìí ní orúkọ méjì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èwo ni bàbá rẹ̀?"

Mo ní ọ̀kan ló hun aṣọ, ọ̀kan ló rán an. Irọ́ náà já bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rò ó.

"Níbo lo ti rà á?"

"Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Àkúrẹ́, sà."

"Ó dára." Ó gbé inú kóòtù náà sún mọ́ imú, ó fa èémí díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n fún òun ní bíléèdì. Mo mú un wá. Mo rò pé ó fẹ́ fà á ya ni. Ó jókòó síbi fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú lébẹ̀lì etí ọwọ́ náà, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn, bó ṣe máa ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. "Ẹni tó bá ra kóòtù ló yẹ kó tú èyí," ó wí. "Àmì ilé ìtajà ni, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Gbogbo yín lẹ̀ ń gbé e kiri." Ó fi lébẹ̀lì náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, kò sì wo ojú mi.

Orí mi dàrú ní ọjọ́ náà. Bí ó bá gbà pé tuntun ni, kí ló ń gbóòórùn? Bí ó bá sì mọ̀ pé òkìríkà ni, kí ló dé tí kò ní kí n ká a, kí n dá a padà, bíi súwẹ́tà pupa ọjọ́sí? Mo fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó jẹ ẹ́ tán, ìyẹn náà tún dà mí láàmú. Mo bi í pé, "Ṣé ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ́la, sà?" Ó ní, "Ilẹ̀ á mọ́." Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Mo dìde lẹ́ẹ̀mẹta láti jẹ́wọ́, mo sì ń lọ fọ abọ́ tí mo ti fọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo gbé tíì lọ fún un. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ṣí díẹ̀. Bàbá dúró nínú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ńtì. Ó ti fi kóòtù náà kọ́ ẹ̀yìn àga níwájú rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ohùn tó fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀ ló sì ń lò.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ni aṣọ yìí. Mi ò mọ orúkọ yín. Méjì ni wọ́n kọ sí i, mo sì mọ̀ pé kò sí tiyín níbẹ̀. Mi ò mọ ìlú yín, mi ò mọ ohun tó pa yín. Ọmọ mi ló mú yín wá. Ó rò pé mi ò mọ̀. Ẹ má bínú sí i. Nílé tiwa, ọmọ ẹni ní í wọ aṣọ ẹni. Bọ́rọ̀ bá rí báyìí, mo ti di ọmọ yín lónìí. Bàbá mi, mo dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, kí ọmọ mi lè sìn mí dé iwájú pẹpẹ."

Ó sún sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó ń fún àgbà láyè láti dìde. Lẹ́yìn náà ó mú kóòtù náà. Mo fi ẹ̀yìn rìn padà sí ilé ìdáná pẹ̀lú tíì lọ́wọ́, ojú tì mí, inú mi dùn, mo sì ń sunkún, mi ò mọ èyí tó ṣíwájú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tó jáde, ó bi mí pé, "Ṣé ó bá mi mu?" Ọwọ́ rẹ̀ gùn díẹ̀. Mo ní, "Ó bá yín mu, sà." Ó rìn dé iwájú pẹpẹ pẹ̀lú ìgùnpá bíbò, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì dìde fún un. Orin tí mo ti ń kọ láti kékeré, mi ò rántí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

Mo padà sí Àkúrẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù mi láti kọ́ ànkárá mi. Gbogbo wọn wà níbẹ̀, búláòsì, síkẹ́ẹ̀tì, kóòtù òjò tí mi ò tíì rí òjò wọ̀ ọ́ sí, mọ́kàndínlógún, dìsáínà lóríṣiríṣi. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń wọ̀ wọ́n, mi ò kí ẹnì kankan nínú wọn rí. Mo bọ́ bàtà mi. Mo dúró síwájú wọn, mi ò sì mọ ẹni tí mo máa kọ́kọ́ kí.