Àga Inú Ọ̀rá

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú mi, kó bi mí ìdí tí mo fi fi ọ̀dà funfun kun pálọ̀ ní Kánò. Ẹ fi mí sílẹ̀ ná, mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ilé tí mò ń wí yìí, Sabon Gari ló wà. Bàbá mi ló rà á kí wọ́n tó bí mi: ilé ilẹ̀ onípáànù, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, àgbàlá lẹ́yìn tòun ti igi dóńgóyárò kan. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, inú rẹ̀ ni mo ti gbọ́ Hausa kí n tó mọ ABD. Àmọ́ bí ẹ bá bi bàbá mi nígbà ayé wọn pé níbo nilé wọn, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọn yóò sọ. Kánò kì í ṣe ilé. Kánò, oko ni. Gbogbo àwa ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kánò la gbọ́ ọ títí tó fi sú wa. Ta ló sì ń ṣe ahéré oko lọ́ṣọ̀ọ́?

Nítorí náà, nǹkan tó bá dára kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Bó bá ti ku díẹ̀ kí ọdún Kérésì dé, ọkọ̀ tó ń kó àlùbọ́sà lọ sí ilẹ̀ Yorùbá ló ń bá wa gbé ẹrù ilé: kọ́tìnnì láti ọjà Kantin Kwari, fáànù nínú páálí, àwo tí ẹnikẹ́ni ò jẹun nínú rẹ̀ rí. Àwa tí à ń gbé Kánò, bẹ́ǹṣì onígi la jókòó lé, ìṣó ẹ̀ ń ya wá láṣọ. Ṣùgbọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́, nínú ilé tí ẹnì kankan ò gbé, àga tìmùtìmù aláwọ̀ ewé wà ní pálọ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn wá láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára wọn. Bí a bá lọ sílé lọ́dún, orí ẹní la máa ń jókòó, iwájú àga. Ẹni tó bá fìdí kàn án, ìgbájú ni. Bàbá mi á ní, "Ọjọ́ tí mo bá fẹ̀yìn tì, a ó ya ọ̀rá yẹn, a ó wá fara balẹ̀ jókòó."

Bàbá mi kú kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Iwájú ilé náà la sin wọ́n sí. Wọn ò jókòó sí àga yẹn rí.

Ó wá ku èmi, ọmọ mi obìnrin àti màmá mi nínú ilé Kánò. Màmá ti tajà àwo títí orúnkún fi ní ó tó. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, bí ọyẹ́ ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, a jọ ń ṣa ẹ̀wà, ni wọ́n bá ní, "Bí Kérésì bá dé, mò ń lọ ilé."

Mo ní, "A jọ ń lọ náà ni."

"Rárá o. Ẹ̀yin ń lọ ṣọdún. Èmi ń lọ pátápátá. Ilé làbọ̀ sinmi oko."

Lọ sọ́dọ̀ ta? Àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti lọ tán. Àdán ló ń gbé àjà ilé yẹn. Bí wọ́n bá ṣubú ní balùwẹ̀ ńkọ́, ta ni yóò gbọ́? Mo pariwo, mo ké, mo tún pariwo sí i. Màmá ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Bí o bá pariwo tán, bu omi mu, ọ̀fun rẹ á ti gbẹ."

N kò fẹ́ kí màmá mi lọ. Ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ẹ̀rù ń bà mí. Mo wá rò ó pé bí ẹnu mi ò bá mú wọn dúró, bóyá ilé tó dára á mú wọn dúró. Mo pe kunlékunlé kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Mai Fenti. Mo ní kó bá mi tún ilé yẹn ṣe, yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn, títí yóò fi tán. Màmá ò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, "Ṣe tìẹ. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan yàrá mi. Ta ní ń kun yàrá ẹni tó ń lọ?"

Pálọ̀ la fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ògiri funfun báláú kan ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Airport Road, mo sì ti yà á sórí fóònù. Màmá wo fóònù, wọ́n wo èmi náà. "Funfun? Ní Kánò níbí?" Mo ní ayé ti là. Mai Fenti kùn ún, ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Mo ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ gbayawu kó lè tètè gbẹ, mo bá wọ ilé ìdáná lọ. Àfi bí ìjì eruku, èyí tó máa ń ṣíwájú òjò àkọ́rọ̀, ṣe dé lójijì! Kí n tó sáré dé ibẹ̀, Kánò ti wọlé. Gbogbo iyanrìn tó wà láàárín wa àti aṣálẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Mo fọwọ́ kan ògiri, ó ń họ mí lọ́wọ́.

Ọmọ mi di ilẹ̀kùn mú kó má baà ṣubú fún ẹ̀rín. Ó ń ké pé, "Kaka, zo ki gani!" ìyẹn ni pé kí ìyá àgbà wá wò ó. Màmá dé, wọ́n fi ìka kan ra ògiri, wọ́n gbé ìka náà sójú. "Háà. Mo rò pé ọ̀dà lo ní o fẹ́ kùn. Àṣé gàrí ni." Mo bú ìjì, mo bú Mai Fenti tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, mo bú ọmọ mi. Nígbà tí n kò rí ẹlòmíràn bú mọ́, èmi náà bú sẹ́rìn-ín.

Màmá ló yan àwọ̀ tí a wá tún un kùn: ìsàlẹ̀ dúdú bíi kòkó, kí eruku àti ọwọ́ ọmọdé má hàn, òkè bí ẹyin adìẹ ìbílẹ̀. Ó dára, ó dùn mí pé ó dára. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n gbé àpótí ìdáná wọn wá, wọ́n jókòó tì wá láti yàrá dé yàrá. Ní ilé ìdáná, wọ́n wo pèpéle tí bíríkìlà mọ, wọ́n ní ṣé àgùnfọn ló fẹ́ máa dáná níbẹ̀ ni, àfìgbà tí wọ́n dín in kù. Nígbà tí a lọ ra táìsì tí a ó tẹ́ sílẹ̀ ní Tarauni, wọ́n ní kí ọlọ́jà da omi sí èyí tí mo yàn, wọ́n ní kí n bọ́ bàtà kí n rìn lórí rẹ̀. Mo yọ̀ gẹ̀ẹ̀rẹ̀, ìdí mi nalẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Màmá ní, "Ó dáa. Ẹ kó èyí tó ṣe hàràhàrà yẹn fún wa."

Mai Fenti á dé láàárọ̀, á kí wọn pé, "Iya, sannu da hutawa," ẹ kú ìsinmi. Màmá á dáhùn pé, "Wane hutu? Ba ka ga ina aiki ba?" Wọ́n ní ìsinmi wo, ṣé kò rí i pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́ ni. Àwọn méjèèjì á wá rẹ́rìn-ín. Mo ń wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń sọ nínú ọkàn mi pé ó ti bọ́ sí i, màmá mi ò lọ mọ́.

Irọ́ ni. Bí ilé ṣe ń dán tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń di ẹrù tó. Gbogbo ilé ti di ọ̀tun, yàrá tiwọn nìkan ló wà bó ṣe wà, ògiri tó ti ṣí, òkè àjà tí òjò ti yàwòrán sí, páálí ẹrù ilé tò dé ẹnu ọ̀nà. Inú bí mi. Mo ti kun ilé tán, n kò rí ẹni tí mo kùn ún fún mú. Ọjọ́ kan mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mo sunkún, mo ní ọ̀dà ló ń ta mí lójú. Ọ̀dà ti gbẹ tipẹ́tipẹ́.

Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀, a kó Màmá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tẹrùtẹrù. Bí wọ́n ṣe wọlé, wọn ò tíì tú gèlè, wọ́n ti ń kan ògiri wò. "Sílíìnì yìí ń bọ̀ nílẹ̀. Ta ló kun ibí yìí báyìí?" Wọ́n wo ẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ rí Mai Fenti. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn wọn bí kò ṣe èmi.

Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yà kí wa. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n gbé iṣu wá, wọ́n gbé adìẹ wá. "Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Kánò! Ìgbà wo lẹ ń padà?" Màmá á ní, "Mo ti dé nìyẹn." Àlejò á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ ṣé o. Ìgbà wo lẹ wá ń padà?" Ẹni tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn, bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ìbátan bàbá mi di ọwọ́ Màmá mú tìfẹ́tìfẹ́, ó ní, "Bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má gbàgbé kílíṣí mi o."

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Màmá jókòó sórí ẹní, iwájú àga, níbi tí a máa ń jókòó sí. Wọ́n wá ní, "Gbogbo wọn ló bi mí ọjọ́ tí mò ń lọ. Ẹnì kan ò bi mí pé ṣé mo ti dé."

Mo jókòó tì wọ́n, mo di ọwọ́ wọn mú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ọdún, wọ́n jáde sí ibojì bàbá mi, wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá ewé kúrò lórí rẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Ẹ má bínú. Mò ń kó àga yín lọ." Wọ́n kọjú sí mi. "Lọ bá mi wá ọkọ̀ àlùbọ́sà kan tó ti já ẹrù, tó ń padà sí Kánò."

Mo figbe ta, àwọn aládùúgbò sáré jáde, wọ́n rò pé ejò ni. Bí wọ́n ṣe rí àga tó ń gun ọkọ̀, wọ́n ṣí ẹnu sílẹ̀. Ẹrù ilé ń lọ sóko? A ò rí irú èyí rí! Màmá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń pàṣẹ bí wọn yóò ṣe to àga kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kán.

Ọkọ̀ já wa sí ẹnu ọ̀nà ní Sabon Gari. Mai Fenti wà níbi tí wọ́n ti ń ta tíì lódìkejì títì. Bó ṣe rí Màmá, ó fi ife sílẹ̀, ó ń sáré bọ̀. "Iya! Kin dawo?" Ìyá, ṣé ẹ ti dé?

Màmá dúró. Wọ́n wo ojú rẹ̀ dáadáa. "Na dawo," wọ́n ní. Mo ti dé. Wọ́n ní kó gbé ọ̀dà wá lọ́jọ́ kejì, yàrá òun ló kù.

A to àga yí pálọ̀ ká, ẹ̀yìn wọn kọ sí ògiri aláwọ̀ kòkó. Ọmọ mi lọ mú ọ̀bẹ wá, Màmá ní rárá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ya ọ̀rá náà, ó ti gbó, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́, ó ń dà sórí táìsì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú padà, wọ́n di apá àga mú, wọ́n rọra fìdí lélẹ̀.

"Ó le," wọ́n ní. "Bàbá yín ò mọ àga rà rárá."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ̀ lójú wọn. Wọn ò sì dìde níbẹ̀ títí oúnjẹ alẹ́ fi jinná.